Góólù Ọmọ́tọ́ṣọ́ Kò Lẹ́ni Tí Yóò Ròyìn Rẹ̀

Tòkunbọ̀, àbúrò mi olórí ńlá,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ tó ń fara da ìhanrun rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà ní Míṣẹ́bò, àmọ́ orúnkún ń dùn mí, gbogbo nǹkan sì ti sú mi.

O mọ òfin àwa alátìlẹyìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìràwọ̀: bí a bá jókòó rántí eré àtijọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní góólù tó ń ròyìn, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ wa Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti kú, bí a bá dé orí góólù tirẹ̀, ńṣe la máa ń dákẹ́.

Ìwọ lo dúró tì í lọ́jọ́ tí wọ́n gbá góólù náà wọlé. Jọ̀wọ́, gbà á. Máa pè wá lórí fóònù, kí o ròyìn rẹ̀. Fi irọ́ díẹ̀ kún un bíi tirẹ̀, ká lè rẹ́ni bú.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ àti orúnkún mi sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adéọlá