Olónka Yín àti Ilé Tí Sídí Fẹ́ Rà

Bàbá mi, ẹ̀yin tí kì í gba òṣùwọ̀n ẹlòmíràn gbọ́,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ọmọ yín ni, ẹni tẹ́ ẹ máa ń sọ pé bó bá kú, wọn óò ní láti sin ẹnu rẹ̀ lọ́tọ̀. N kò tíì kú o. Irun orí mi ti funfun ju tiyín lọ, eyín mi ti dín, ṣùgbọ́n ẹnu náà kò dín. Òun gan-an ló mú mi kọ̀wé yìí. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ yọ mí níléèwé pé kí n lọ kọ́ òwò.

Ojú ń tì mí, Bàbá. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún láàárín àwọn alààyè. Bí mo bá la ẹnu sọ̀rọ̀ tó ń dùn mí, wọn á ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó dé ìdí rẹ̀, wọn á rò pé àwàdà mi ti dé. Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe èmi?

Ṣé ẹ rántí olónka yín? Agolo tí etí rẹ̀ tẹ̀ lápá kan yẹn. Gbogbo ayé ń lọ ọjà pẹ̀lú àpò àti owó, ẹ̀yin ń mú òṣùwọ̀n tiyín dání. Ìyá tó ń ta gàrí á wọn tirẹ̀ tán, ẹ óò ní kó dà á sínú tiyín. Bí kò bá kún, ẹ kì í jà. Ẹ óò kàn fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ojú gàrí náà, ẹ óò rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ óò dúró síbẹ̀ títí wọn óò fi bù sí i. Àwọn obìnrin ọjà Kotobabi ní Accra, tí wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá ní Aláta, sọ yín lórúkọ, wọ́n ń pè yín ní Aláta Olónka. Nígbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Ghana, agolo yẹn wà lórí ẹrù. Nígbà tí a yọ́ padà wá, ó bá wa padà.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣì kéré, gbogbo ìsọ̀ gàrí bú sẹ́rìn-ín sí yín lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tó ń ta ata. Mo dúró bí ọmọ tó bá ẹlòmíràn wá. Obìnrin náà bi mí bóyá bàbá mi ni ọkùnrin olónka yẹn. Mo ní rárá.

N óò padà sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Sídí.

Sídí ọmọ mi, ẹni tó jẹ́ pé nígbà tẹ́ ẹ kú, tí gbogbo wa ń já agbádá àti rédíò yín gbà mọ́ ara wa lọ́wọ́, òun ọmọ kékeré ní olónka lòun fẹ́. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ méjì báyìí. Ó ń ta ọṣẹ àti aṣọ, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Tema, àwọn méjèèjì ti ń fi nǹkan pamọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra láti ra ilé kékeré kan. Lọ́dún yìí ni onílé wọn ní kí wọ́n kó jáde, ọmọ òun ń ti òkè òkun bọ̀. Ni Sídí bá gbéra. Kì í ṣe ilé ló kọ́kọ́ wá o. Éjẹ́ǹtì ló wá. Éjẹ́ǹtì tirẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ máa sanwó fún, obìnrin Ga kan tó ń jẹ́ Dédé, tí kì í wọ bàtà mìíràn ju kánfáàsì lọ.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo bi í, ilé wo ni wọ́n fẹ́ tà ní Accra tí éjẹ́ǹtì kò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí onílé ti sanwó fún? Ọ̀fẹ́ ń bẹ nílẹ̀, o ń lọ ra tìrẹ? Sídí kò bínú. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Bàbá, ta ló máa ń sanwó fún fítà?”

Ẹ̀yin kò gbé ayé dé ìgbà tí mo ṣí ìsọ̀ ní Abossey Okai, nítorí náà ó yẹ kí n ṣàlàyé. Páàtì mọ́tò ni mo ń tà. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ kò mọ páàtì, á mú fítà tó ń tún mọ́tò náà ṣe dání wá. Ó rò pé tòun ni fítà ń ṣe. Fítà á gbé páàtì náà, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á fẹnu fẹ́ eruku orí rẹ̀, á ní èyí dára, ọ̀gá, ẹ rà á. Bí oníbàárà bá lọ tán, fítà á padà wá gba tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sí ẹni tó ń pè é lólè. Bí Sídí bá ti iléèwé dé, ẹ̀yìn káńtà mi ló ń jókòó. Òun ni mo ń rán pé kó mú ohun tí mo fi bébà wé lọ fún fítà lẹ́yìn ògiri. N kò mọ̀ pé ó ń kọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju eré sísá lọ.

Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn pa ẹnu mi dé. Ṣé ẹ ti rí ohun tó pa á dé rí?

Ọjọ́ tí a fẹ́ lọ wo ilé kan ní ọ̀nà Amasaman, a pàdé ní Circle láti wọ tròtrò. Mo ti ń fi Dédé ṣe ẹlẹ́yà kí mọ́tò tó kún. Mo bi í bóyá bọ́ọ̀lù ló fẹ́ lọ gbá. Mo ní bí ọkọ rẹ̀ kò bá tọ́jú rẹ̀, èmi ṣì lágbára ìyàwó kan sí i. Ó fi Twi dá mi lóhùn pé bàbá àgbà kan wà nílé òun tí òun ń fún lóògùn láràárọ̀, òun kò lè ṣe ti méjì. Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín, èmi ni mo rín jù. Lẹ́yìn náà ló wá kìlọ̀ fún èmi àti Sídí. Ó ní kí a fi ojú wo ilé náà, kí a fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kí a má sọ ìdí tí a fi fẹ́ ilé, kí a má sì sọ ìgbà tí a fẹ́ kó wọlé. Ohunkóhun tí a bá sọ fún éjẹ́ǹtì onílé, onílé la sọ ọ́ fún. Mo ní mo ti gbọ́.

Éjẹ́ǹtì onílé ń jẹ́ Làtí. Ọmọ tiwa ni, wọ́n bí i síbí bíi tàwọn ọmọ mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ó pè mí ní Alhaji, èmi tó jẹ́ pé Kumasi ni Mẹ́kà mi. Ó bi mí ní ìlú wa, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, oríkì ìlú wa gan-an, bẹ́ ẹ ṣe máa ń kì mí láàárọ̀ kí n tó jí tán. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti lọ, Bàbá, kò sí ẹni tó tún fi kì mí ní Accra. Orí mi wú. Mo fẹ́ gbé ọmọ náà pọ̀n.

Dédé àti Sídí wà nínú ilé, wọ́n ń ṣí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń wo àjà, wọ́n ń fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri bóyá àgbàrá ti dé ibẹ̀ rí. Èmi àti Làtí jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó kàn béèrè bóyá a kò kánjú. Mo ní ta ni kò kánjú? Mo ní bí onílé Sídí ṣe ń lé e yìí, bí ẹ bá fún un ní ilé adìyẹ, á wọ̀ ọ́ kí oṣù tó parí. Làtí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Inú mi dùn. Ẹ rí i, inú mi dùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a jókòó ní pálọ̀ ẹni tó ni ilé náà. Dédé ní kí wọ́n fún wa láyè kí òun lọ yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò lọ́dọ̀ ìjọba kí owó kankan tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin náà ti ń mi orí pé kò burú. Ni Làtí bá rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Sídí, ó fi Twi sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́.

“Madam, ẹ lè dúró ṣá? Bàbá ní bó ṣe ilé adìyẹ pàápàá, ẹ óò wọ̀ ọ́ kí oṣù tó parí.”

Ọkùnrin náà jókòó dáadáa sínú àga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Kò sí àyè mọ́, kò sí yíyẹ ìwé wò, kí a mú owó wá kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ń bẹ nílẹ̀. Ó wá fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bi Sídí bóyá ojú ọ̀nà ni wọ́n ti he àgbàlagbà yìí.

Bàbá, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo ń retí pé kí ọmọ náà sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìbá tọ́ bó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

“Bàbá mi ni,” ni Sídí wí.

Kò pariwo, kò sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi.

Nígbà tí a jáde, Dédé ní ẹni tí kò bá fẹ́ kí a yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí a fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún un. A fi í sílẹ̀. Mo gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́ yìí, kọ́tìnì aláwọ̀ ewé ti wà lójú fèrèsé. Bóyá wàhálà ni ẹni tó ra ilé náà rà, bóyá ilé rere ni mo fi ẹnu gbà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ta ni yóò sọ fún mi?

Oṣù parí. Sídí àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn ní yàrá mi ní Kotobabi, èmi ń sùn lórí àga ní pálọ̀ láàárín páálí ọṣẹ. Kò dárúkọ ilé adìyẹ rí. Oúnjẹ mi ló ń kọ́kọ́ bù. Bó bá fẹ́ se ìrẹsì, olónka yín ló fi ń wọ̀n ọ́n, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìbá bú mi, ara ìbá tù mí.

Lánàá ó ní ilé mìíràn ń bẹ tí Dédé rí. Mo ní kí n dúró ti àwọn ọmọ. Ó ní, “Bàbá, ẹ wọ bàtà yín.” Ní Circle, Dédé yọ tọ́fì líle kan nínú àpò rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kó wà lẹ́nu mi títí a óò fi jáde nínú ilé náà. Mo fi í sẹ́nu bí ọmọdé. Éjẹ́ǹtì onílé tibẹ̀ jẹ́ obìnrin arẹwà kan, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ìgbà wo ni Bàbá ń rò pé àwọn óò kó dé. Oríṣiríṣi èsì ló sáré wá sẹ́nu mi, Bàbá, gbogbo rẹ̀ ló dùn. Mo fi ahọ́n ti tọ́fì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan.

“Ẹ bi Dédé,” ni mo wí.

Sídí wò mí, ẹnu rẹ̀ yí díẹ̀ lápá kan. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni. Dédé ti mú ìwé ilé náà lọ yẹ̀ wò. A ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí ọjà gàrí. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí à ń lọ sílé, ẹ ra bọ́fúrótù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òróró jáde fún mi, ẹ kò ra fún ara yín. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé torí pé gàrí kún ni. Nígbà tí Sídí fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi ni nǹkan mìíràn sọ sí mi lọ́kàn. Ìsọ̀ ata yẹn kò jìnnà sí ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Ṣé ẹ gbọ́ mi ni, Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́, tẹ́ ẹ fi di ọwọ́ mi mú títí dé ilé?

Ó ti pẹ́ jù, obìnrin aláta náà á ti kú. Ṣùgbọ́n bó bá wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ní bàbá mi ni.

Èmi ni, ọmọ yín tó sún sẹ́yìn, tó ń sún padà bọ̀ sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú ìfẹ́.