Bàbá Elijah Akínsànmí Ìkúnayọ̀ (1953–2025), Atukọ̀ Ubeji

Ilé orí omi ni wọ́n bí Bàbá Elijah Akínsànmí Ìkúnayọ̀ sí, ní Ugbónlà, ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1953. Apẹja ni baba wọn. Adébímpé, ìyá wọn, a máa yan ẹja tà. Ìwé mẹ́fà ni Bàbá kà. Wọ́n ní odò ló kọ́ àwọn ní ìyókù.

Ní 1974, wọ́n tukọ̀ wá sí Warri, wọ́n tẹ̀dó sí Ubeji, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó èrò lọ sí Ìlàjẹ. Bàbá kì í wo máàpù. Gbogbo ibi tí odò bá ti yà ni wọ́n sọ lórúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó wọn, bọ̀ wálé ní 1981, wọ́n fẹ́ ṣe àṣehàn, wọ́n yí ọkọ̀ lójijì, ìkòkò ìyàwó bá já sómi. Títí dòní, Ìkòkò Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ ibẹ̀, Màmá kò sì tíì gbàgbé.

Ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá ló ń gbé àwọn àgbà ìjọ Kérúbù lọ sí ìsìn. Bí ẹnikẹ́ni bá pẹ́, wọ́n á ṣáná sí ẹ́ńjìnnì láti fi dẹ́rù bà á.

Ní oṣù kejì 2024, dókítà ní jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ̀dọ̀ Bàbá jìnnà, kò ṣeé gé mọ́. Àyà Bàbá já, kì í ṣe nítorí ikú: nínú ọmọ mẹ́rin, kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà omi délé ní Ugbónlà. Nílé ìwòsàn kan l'Ékòó, dókítà ibẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn yóò ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ láti itan títí dé ẹ̀dọ̀, kí oògùn lè dà sórí àrùn náà gan-an. Inú Bàbá dùn. Wọ́n ní dókítà yìí mọ odò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni Bàbá gba ìtọ́jú náà. Èébì dá wọn dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kókó jẹjẹrẹ náà súnkì, wọ́n sì rí ọdún kan àti ààbọ̀ gbà.

Wọ́n fi àkókò náà kọ́ Hadassah, àbíkẹ́yìn wọn, ní ọ̀nà omi. Bàbá á jókòó sínú ọkọ̀, aṣọ ìbora lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa bi í ní orúkọ ibi tí odò yà. Yorùbá ni wọ́n ń bi í, Pìjìn ló ń dáhùn: "Papa, I sabi am. Na Mama pot be dat." Ní oṣù kẹjọ 2025, Hadassah tukọ̀ gbé wọn dé Ugbónlà láìbèèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá sunkún. Ẹbí kò rí ẹkún wọn rí.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ni wọ́n sùn nínú Olúwa. Màmá Àbẹ̀kẹ́ gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin: Ayọ̀dàmọ́lá, Ṣẹ́gunfúnmi, Godwin àti Hadassah, àti ọmọ-ọmọ méje.

Lẹ́yìn ìsìn yìí, ọkọ̀ Bàbá ni yóò gbé wọn lọ sílé fún ìsìnkú. Hadassah ni yóò tù ú. Bàbá, ẹ má ṣèyọnu ọ̀nà mọ́. Ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Ẹ sùn re o.