Ohun Tó Kù Lára Àmọ̀kẹ́ Nínú Ìgò

Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Sàlámì Alápatà,
Bẹ́yẹrúnká, Ìbàdàn.
Oṣù Kẹjọ, 1964.

Gàfárù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run ni mo fi kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí Èkó gbà ọ́ lọ́wọ́ wa, kò sì ní jẹ́ kí a tún rí irú èyí tí a rí lọ́dún yìí. Àmín. Èmi bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, mi ò sanwó fún akọ̀wé kankan. Ilé ìwé alẹ́ tí mo lọ fún ìgbà díẹ̀ l'Ókè Padre, àwọn tó parí ẹ̀ ò mọ̀wé kọ tó mi.

Òjò wó ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo ti tún un mọ. Màlúù wọ́n. Síbẹ̀, ní Ọjà'ba, bí wọn ò bá tíì rí ẹran Sàlámì, wọn ò tíì gbé ìkòkò kaná.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ, Àmọ̀kẹ́. Lẹ́yìn tí a sin ín, ìyá rẹ ti ń gbé e kúrò lọ́kàn díẹ̀díẹ̀ kí lẹ́tà rẹ tó dé. O ní èyí tí àwọn dókítà gé lára kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí àìsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́, pé kò kú. Pé ó wà nínú ìgò, pé ó ń pọ̀ sí i, pé omi inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù lẹ fi ń bọ́ ọ. O rò pé inú wa á dùn. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo ti kà á sókè fún ìyá rẹ, nítorí mo fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ bí mo ṣe ń kàwé. Ǹ bá ti kà á sínú.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti ní a ò gbọdọ̀ ṣe fídáù. Ó ní ta ló ń ṣe fídáù fún ẹni tó ṣì ń jẹun. Mo ní, Àríkẹ́, kókó yẹn ló pa á, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ní ṣebí ara ọmọ òun ló ti hù, àbí ara tèmi ni. Mo lọ bi Tíṣà Olúwọlé, ó ní ohun tí o pè ní sẹ́ẹ̀lì yẹn dà bí ẹyọ búlọ́ọ̀kù tí Ọlọ́run fi mọ ilé ara. Mo ní èmi ti kọ́lé, mi ò rí búlọ́ọ̀kù tó ń bí búlọ́ọ̀kù. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Oúnjẹ rẹ̀ ló dùn mí jù. Gàfárù, ọmọ alápatà ni ọ́. O mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ Mùsùlùmí, kòtò là ń dà á sí l'ódò ẹran tí a ti ń pa màlúù. Bó bá wá di dandan kó jẹ ẹ́, ta ló dúńbú ọmọ màlúù náà? Ṣé ó pe Bísímílà? O ní láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń kó o wá. Mo bi Ààfáà wa, ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n kọ irú ẹ̀ sí. Ni mo bá dúńbú ọmọ màlúù kan tó dáa, mo kọjú ẹ̀ sí Kíbílà, mo gbe ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sínú garawa onídèérí, mo gbé e fún Sàídì dírẹ́bà ní Mólété kó gbé e bá ọ. Sàídì ní kí wọ́n tó dé Ṣàgámù ó ti dì, ó ń rùn, àwọn èrò ní bí kò bá dà á nù, àwọn á da òun náà nù. Ó dà á sígbó. Má bínú sí i. Mo ti bínú sí i tó.

Ti eku funfun ń kọ́? O ní ẹ̀ ń fi lára kókó náà sára wọn kí wọ́n lè ṣàìsàn Àmọ̀kẹ́ níṣojú yín, kí ẹ lè mọ oògùn tó máa gbọ́. Mo rò ó títí. Eku ò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Àmọ̀kẹ́ sọ ọ́ fún wa, a ò sì rí nǹkan kan ṣe. Àwọn alápatà ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mo fowó ẹran rán ọmọ níwèé, ó lọ di darandaran eku l'Ékòó. Mo ní ilé tí eku ọmọ tèmi ń gbé mọ́ ju tiwọn lọ, ìjọba ló sì ń bọ́ wọn.

Nítorí náà, bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, gbé ìgò náà wálé. Kí a fi aṣọ funfun dì í, kí a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmọ̀kẹ́, kí ara ọmọ náà pé sójú kan, kí ìyá rẹ lè sunkún tán. Sọ fún òyìnbó ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ló wí bẹ́ẹ̀, n kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àná ni mo kọ ti òkè yẹn. Mi ò fà á ya, nítorí n kì í fa ohun tí mo bá kọ ya.

Láàárọ̀ yìí, Fágbèmí tó ń hun aṣọ òfì lójúlé kejì gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ọ̀jẹ̀wálé, wá. Ó ní eyín ọmọ náà ń mì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì tó yọ. Bí ti Àmọ̀kẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìyá rẹ gbé e lé ẹsẹ̀, ó fi ìka wá abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Fágbèmí gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí, kó má dúró dọ̀la, kó má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ewé gbígbóná jó o bí a ti jẹ́ kí wọ́n ṣe fún Àmọ̀kẹ́. Fágbèmí bi mí bóyá mo mọ ọmọ tí wọ́n gbé lọ tó sì bọ̀. Èmi Sàlámì, tí ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu mi rí, mo ní kó yáa bọ́ sọ́nà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni ìyá rẹ bi mí bóyá lẹ́tà ti lọ. Mo ní kò tíì lọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sí i pé kí o má gbé e wá mọ́. Kí ẹ máa wò ó dáadáa, kí ẹ fi ohunkóhun tó bá lè jẹ bọ́ ọ. Fídáù, ó ní ká ṣì dúró. Ó ní kí o sọ fún àwọn tó ń gé e pé àbúrò rẹ bẹ̀rù abẹ púpọ̀. Mo ní èyí tó wà nínú ìgò ò lójú, kò lè rí abẹ. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́.

Mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọ rí, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Àmọ̀kẹ́ ti jẹ owó tó wà nílẹ̀ tán. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kó jẹ́ ti Fágbèmí, kó lè máa rí ọkọ̀ gbé ọmọ náà lọ. Èmi ni màá fún un, kò ní láti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ sin ọmọ. Á la ojú ìwọ àti ọ̀gá rẹ sí ohun tó fara pamọ́ nínú ìgò yẹn. Ẹ ṣe kíá. Nígbà tí wọ́n ń gbé Ọ̀jẹ̀wálé lọ, ahọ́n ló fi ń ti eyín náà ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlámì Alápatà.