Tábà Tí Baba Àgbà Bù Fún Mi

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ìwé mi, forí jì mí. Bóyá ọ̀rọ̀ tábà kò tó ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń lọ sí yunifásítì, Baba Àgbà bu tábà rẹ̀ sínú agolo mílíìkì fún mi, pẹ̀lú ìkòkò tábà kan. Mo rò pé bí àwọn apẹja wa ṣe ń bù ú fún ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ ń lọ sùn lójú òkun, láti fi hàn pé ó ti dàgbà, ni. Mo mu ún lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo fi í pamọ́. Mi ò lè dà á nù, kí Baba má baà rò pé mo ti kọ ilé.

Lónìí tí mo dé sílé ní Awoye létí òkun, mo gbé agolo náà lọ bá Baba Àgbà níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ní, "Baba, ẹ má bínú, mi ò lè mu ún."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ta ló ní kí o mu ún? Ìyá rẹ ló sọ pé ẹ̀fọn ò jẹ́ kí ẹ kàwé níbẹ̀. Èéfín rẹ̀ tó ń lé ẹ̀fọn ni mo fún ọ, kí o kàn máa jó o nínú ìkòkò, ọ̀mọ̀wé!"

Ó bù ú sínú ìkòkò tirẹ̀, ó tanná sí i, ó sì sún síbi tí afẹ́fẹ́ á ti gbé èéfín náà sọ́dọ̀ mi. Mo wúkọ́ títí, ṣùgbọ́n mi ò dìde.

Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ìwé mi: kì í ṣe èéfín nìkan ló mú omi wá sójú mi.