Bọ́ọ̀sì Tó Kúnlẹ̀ Kí Mi ní Dagenham

Becontree, Dagenham,
Lọ́ńdọ̀nù.

Ọlọ́ládé, Àmọ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà n'Íbàdàn? Ṣé ara le, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ọlọ́run tó gbé mi gun bàálù tí mi ò já bọ́, yóò máa bá ọ jókòó ní ọ́fíìsì rẹ. Jésùfẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tí mo wá bá wọn tọ́jú, ti hu eyín méjì, ó sì ti fi gé mi jẹ. Tiwaladé ẹ̀gbọ́n rẹ ń kí ọ. Raheem, ọmọ Hùmúàní ará ilé kejì, ń lọ sílé l'Ọ́jọ́bọ̀, òun ni mo fún ní lẹ́tà yìí, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti fóònù. Fóònù kò ṣeé fọwọ́ sí.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ Peter gbé ọ̀dà pupa wá sí ìsọ̀ àwo mi n'Ílóra, tí ẹ ní ẹ fẹ́ gé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin níwájú rẹ̀ fi ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí bọ́ọ̀sì oníná mànàmáná yóò máa gbà láìrú èéfín? Mo ní ọmọ wo ló ń gé ìsọ̀ tó rán an níléèwé, mo sì lé yín. Àwọn ọlọ́jà yòókù wá ní bí ìyá ẹ ò bá fọwọ́ sí i, àwọn ta ni kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo gbọ́ pé ìpàdé ìkẹyìn ku ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé bí ọwọ́ wa ò bá pé, ìlú mìíràn ni wọn yóò gbé iṣẹ́ náà lọ.

Wàyí o, gbọ́. L'Ọ́jọ́ Ajé, èmi àti Tiwaladé ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, a fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ rajà ní Heathway. Bọ́ọ̀sì náà yọ wọ́ọ́rọ́, kò pariwo, ló bá kúnlẹ̀! Àní ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Mo ní pẹ̀lẹ́ o, dìde, wàá dàgbà. Tiwaladé ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá, awakọ̀ ló tẹ nǹkan nítorí kẹ̀kẹ́ ọmọ. Mo ní ta ló ń kúnlẹ̀ fún ọmọ oṣù mẹ́jọ nígbà tí ìyá àgbà wà níbẹ̀? Èmi ló kí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi káàdì kàn náà ní pìì, mo ní àmín. Bí o bá tún wọ òmíràn láàárín wákàtí kan, wọn kì í gbowó kejì, ni mo bá yára ra iṣu, mo sì padà sílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí a sọ̀, Tiwaladé ní oníná mànàmáná ni, ni mo bá fi áńkáṣíìfù funfun mi nu ìdí bọ́ọ̀sì náà wò. Tiwaladé rìn lọ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Eruku lásán ni mo rí, kò sí dúdú èéfín kankan. Ọlọ́ládé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni mo ń nu àwo nísọ̀ nítorí èéfín ọkọ̀, ọṣẹ tó ń bá a lọ ti tó ra ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin! Irú nǹkan báyìí ni ọmọ tí mo bí ń gbé bọ̀ wá sílé, tí mo ń lé e! Orí mi wú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mo dìde jẹ́rìí pé ọmọ mi ló fẹ́ kọ́ bọ́ọ̀sì ilẹ̀ wa ní ìkúnlẹ̀.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé tí o kì sínú báàgì mi kí n tó wọ bàálù. Òun àti áńkáṣíìfù náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Fi han àwọn ọlọ́jà, má fọ̀ ọ́ o. Ṣùgbọ́n iwájú ìsọ̀ mi gan-an ni kí ibùdókọ̀ wà, ẹni tó bá ń dúró de ọkọ̀ á ra àwo. Fi owó bíríkìlà ránṣẹ́ sílé kí wọ́n bá mi mọ ògiri iwájú padà, torí mi ò lè máa retí owó gbà-má-bínú ìjọba, kí o sì fi ti àga gbọọrọ kan kún un fún àwọn oníbàárà mi.

O ò ní ṣe iṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Wàá pẹ́ láyé, wàá hu ewú, títí bọ́ọ̀sì tí o fọwọ́ ara rẹ mú wọ̀lú yóò fi kúnlẹ̀ kí ìwọ náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Tiwaladé.