Omi Tútù tí Mo Bù fún Ọkọ̀ Japhet

Òkè-Ọ̀pin,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, 1964.

Japhet ọmọ mi,

Ìwọ tí Ọlọ́run fi pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọdún méje tí mo ti ń wojú Rẹ̀, mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ilé, mo kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé ní Ìbàdàn, títí kan àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn. Ewu kò ní wu ọ́ lọ́nà, ilẹ̀ kò ní gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti ń pe ẹni rere, wọn kò ní fo orúkọ rẹ. Bí o bá béèrè wa, ara bàbá rẹ le, oko dára, ilé kò sì jò mọ́ láti ìgbà tí o ti fi páànù kàn án fún wa. Ikùn mi nìkan ni kò fara rọ láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Kì í ṣe àìsàn, ìdí rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí, nítorí náà má jẹ́ kí àyà rẹ já.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Fúnra mi ni mo kà á, pẹ̀lú jígí ojú tí o rà fún mi, mo sì tún dúpẹ́ jígí náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí kí n tó ní in, gbogbo ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà ń rìn lójú mi bí ìjàlọ ni. Mo kà á pé ọkọ̀ rẹ hó láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ nígbà tí o ń padà láti ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn Àjíǹde, pé ooru bò ọ́ débi pé o bẹ́ sílẹ̀, pé ẹni tó bá ọ tú u wò ní omi lásán ló wà nínú rẹ̀, kò sí omi aláwọ̀ ewé tí o fowó rà. O ní Olóyèdé, mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ tó sì ń tọ́jú ọkọ̀ náà, búra nílé rẹ̀, níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, pé òun rọ omi náà sí i kí o tó wálé, ṣùgbọ́n pé irọ́ ni, ó ti tà á, àti pé bí oṣù yìí bá ti parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Dúró ná, Japhet. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tíì ṣe é. Mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, kò yàtọ̀ sí ọlọ́ṣà tó kó ni lẹ́rù lọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́.

Mo dúpẹ́ Àjíǹde. Ọdún mẹ́ta gbáko ni o kò fi wálé, mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá ọ̀nà ló dí, ni ọkọ̀ pupa tí o rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀ fi ya wọ àgbàlá wa, tó ń kùn bí oyin, gbogbo Òkè-Ọ̀pin sì jáde. O gbé mi síwájú ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ti ń fi ojú pa mí rẹ́ láti ọjọ́ yìí wá ń kí mi kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n aago tó wà níwájú rẹ níbẹ̀, jọ̀wọ́ gbé e fún àwọn tó ń tún aago ṣe. Nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀, orí òdo ló wà. Nígbà tí a bọ́ sí ọ̀nà tó tẹ́jú, ó fò lọ sí ogójì, bẹ́ẹ̀ a kò tíì dé ibì kankan, nígbà tí a dúró, ó tún padà sí òdo. Aago tó ń padà sẹ́yìn kò yẹ ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun ló ń mú ọ sáré tó bẹ́ẹ̀, tí o ń rò pé o ti pẹ́.

Mo tún dúpẹ́ búrẹ́dì méjì tí Olóyèdé fi rán ọ sí mi. O sọ fún mi pé ó ní òun kò ní ìyá mọ́, pé ìyá ọ̀gá òun ni ìyá òun. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jẹ búrẹ́dì náà, mo sì ń súre fún un ní gbogbo ìgbà tí mo bá bù ú.

Nílé níbí, àgbàdo ti yọ, iṣu ti gun ọ̀pá rẹ̀. Badirat ará ilé kejì wa kí ọ. Ọdún Iléyá kò dùn mọ́ ọn lọ́dún yìí, torí òbúkọ rẹ̀ tó sanra, tó ti ń tọ́jú de ọdún, kú lọ́jọ́ kejì Àjíǹde láìsí pé ó ṣàìsàn. A ní ejò ló ṣán an. Èmi gan-an mú igi, mo bá a wá ejò náà títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò rí i.

Wàyí o, nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, inú bí mi. Mo ní ṣé ẹni tí mo jẹ búrẹ́dì rẹ̀ ló fẹ́ pa ọmọ mi lójú ọ̀nà? Mo gbé orúkọ Olóyèdé tọ Alàgbà Májẹ́kódùnmí lọ ní ilé àdúrà wa, mo ní ọ̀tá kan ti gba omi tútù kúrò nínú ọkọ̀ ọmọ mi. Alàgbà kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ẹgbẹ́ aládùúrà sì dìde. A ní ọwọ́ tó da omi náà nù kò ní rójú ṣe nǹkan mìíràn, a ní ikùn ẹni náà kò ní sinmi títí yóò fi jẹ́wọ́. Èmi ni mo ń ṣe àmín jù. Bàbá rẹ ní láti ọ̀nà odò ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn mi.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìyẹn ọjọ́ Ẹtì, mo rántí pé ohun kan nínú lẹ́tà rẹ kò yé mi. O ní ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ omi yẹn. Mo rò pé ọwọ́ rẹ ló ṣì, pé ọjọ́ méjì lo fẹ́ kọ, torí obìnrin tó ya ọ̀lẹ jù ní àdúgbò yìí, bí ọjà bá ti pé márùn-ún, yóò fọ àmù rẹ̀, yóò pọn omi tuntun sí i. Mo wá tọ Ọláìtán lọ, èyí tó ń wa lọ́rì láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Òmù-Àrán, kó là mí lóye. Ọláìtán ní o kò ṣì í kọ. Ó ní lọ́rì tòun, omi odò ni wọ́n ń bù sí i lójoojúmọ́ bí wọ́n bá ti ń gun òkè, torí ó ti darúgbó, ó ń jò, kò sì lè sáré. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ asáré bíi tìrẹ, iná inú rẹ̀ pọ̀, a kì í fún un ní omi odò, omi mímọ́ tí wọ́n po oògùn mọ́ ni, kí ó má baà tètè hó, kí irin rẹ̀ má sì dípẹtà. Ó ní ọdún méjì ni àsìkò rẹ̀, ẹni tó bá ń wà á púpọ̀ ní ọ̀nà jíjìn lè ṣe é lọ́dọọdún, tàbí bó bá ti rí i pé omi náà ń pọ́n bí omi ẹrẹ̀, àárọ̀ tí ọkọ̀ bá ti tutù ni kí wọ́n máa ṣí i wò. Ó ní ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ le dáadáa, torí líle ìdérí yẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó hó. Ó ní àwọ̀ ewé rẹ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ó wá ní bí wọ́n bá dà á nù, inú kòtò ni kí wọ́n bò ó mọ́, torí ó máa ń dùn lẹ́nu ẹran, ó sì ń pa wọ́n. Japhet, bó ṣe ń sọ ọ́ ni òbúkọ Badirat ń padà wá sí mi lọ́kàn.

Èmi ni, ọmọ mi. Èmi ni mo da omi náà nù.

Lọ́jọ́ tí o dé, o ṣí iwájú ọkọ̀ fún àwọn ènìyàn wò, o sì ṣí ẹnu kékeré tó wà níbẹ̀. Mo yọjú láti ẹ̀yìn rẹ, mo rí omi aláwọ̀ ewé. N kò sọ̀rọ̀, torí a kì í dójú ti ọmọ ẹni láwùjọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Mo ní ọkọ̀ tó gbé ọmọ mi wá bá mi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, omi tí wọ́n gbàgbé sínú àmù ló ń mu! Nígbà tí ìwọ àti bàbá rẹ lọ wo oko kòkó lọ́jọ́ Sátidé, mo ró ìpèlé àtijọ́, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà. Mo rí ẹnu omi kékeré kan tó dà bíi ti táńkì ilé ìwé, mo yí i, omi náà sì ṣàn gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ọ̀nà ọ̀dọ̀ Badirat. Mo ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí mo ṣe ń ṣan àmù. Mo gba orísun lọ, èmi tí ẹ ti ní kí n má pọn omi mọ́, mo fi ìborí funfun mi sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sí i títí ó fi kún. Mo wá gbé ìdérí rẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, n kò fún un le, kí atẹ́gùn lè máa wọ̀ ọ́, bí a ṣe ń ṣe àmù kó lè tutù. Mo ka Sáàmù lé e lórí. Inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ pa á lórí, mo sì kí i pé ó ṣeun tó mú ọ wá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bu omi fún àlejò kì í kéde rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní Yèyé Japhet, ùwọ nìyẹn tí gbogbo ìlú ń gbààwẹ̀ lé lórí. Mo fẹ́ fi ti ìgbàgbọ́ wa gba ara mi sílẹ̀, mo ní a kì í lo oògùn nínú ilé yìí, kí ló wá dé tí a ó fi jẹ́ kí ọkọ̀ wa máa mu ún. Wọ́n ní ọkọ̀ náà kò tíì ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ wa. Lẹ́yìn náà wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n béèrè pé ọmọ mélòó ni Olóyèdé ní, n kò sì mọ̀.

Mo ti lọ bá Badirat. Ó ní òun ti dárí jin ejò yẹn tẹ́lẹ̀, pé kí n kúkú gba ìdáríjì ti ejò náà. Lánàá ọjọ́ Ìsinmi, mo dìde níwájú ìjọ, mo jẹ́wọ́, Alàgbà sì tú gbogbo ohun tí a ti dè. Ikùn mi fúyẹ́ díẹ̀. Alàgbà ní èyí tó kù, ọwọ́ Olóyèdé ló wà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi mi pa ọ́. Bí ìyá ṣe fi ọwọ́ ìfẹ́ ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe nìyẹn, tí Olúwa sì dá a dúró lọ́nà Ọ̀yọ́. N kò lè dúpẹ́ ọjọ́ náà tán títí n óò fi kú.

Nísinsìnyí, ohun tí mo ń tọrọ. Fi pọ́n-ùn méjì ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra òbúkọ mìíràn fún Badirat, torí ìdáríjì rẹ̀ kò ní kí n má san án. Owó oúnjẹ tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, má fi ti oṣù tó ń bọ̀ ránṣẹ́, fi ra agolo omi ewé náà, Olóyèdé ni kó sì rọ ọ́ sí i, kí ó fún ìdérí rẹ̀ le. Ọláìtán yóò kó iṣu mẹ́wàá pẹ̀lú lẹ́tà yìí fún lọ́rì Ìbàdàn ní Òmù-Àrán. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tìrẹ níbẹ̀.

Má pe Olóyèdé wá sí ọ́fíìsì. Ilé rẹ̀ ni kí o gbé iṣu náà lọ, níwájú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, torí ojú wọn ni a ti pè é ní olè. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní kí o wá bẹ̀ ẹ́. Lọ kí o tó jẹun.

Ọlọ́run tó mú ọ dé lọ́jọ́ náà kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Iwájú rẹ kò ní gbóná, ẹ̀yìn rẹ kò ní jó. Ọmọ tìrẹ náà yóò fi ọkọ̀ gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Má fèsì lẹ́tà yìí. Lẹ́tà Olóyèdé ni mo ń retí, bí tìrẹ bá sì ṣáájú tirẹ̀ dé, n kò ní ṣí i. Bí kò bá mọ ìwé kọ, fún un ní bébà, kí ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó ní gírísì tẹ̀ ẹ́, má sì kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti rí gírísì náà, màá mọ̀ pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Keziah Ọmọ́tọ́ṣọ́.