Kí O Tó Ki Dirílì Bọ̀dá Job Bọ Iná

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Àjànàkú,
                                        Agége, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 1989.

Olúgbénró, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́. Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Fọláyọ̀ ìyàwó rẹ ńkọ́, àti ìkókó? Mo gbọ́ pé ọmọ náà ti ń rá kiri, pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Ó jọ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ara tiwa náà le, àfi pé SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yìí, ti sọ gbogbo wa di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bó o bá rí mi báyìí, wàá ní kí n wá nǹkan dì mú kí ọyẹ́ má gbé mi lọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ títí mo fi dé ibi tí o ti sọ̀rọ̀ dirílì ọlọ́rùn wíwọ́ tí Rachael, ìyàwó Bọ̀dá Job ẹ̀gbọ́n rẹ, fi ránṣẹ́ sí ọ lẹ́yìn ikú wọn. O ní ó dá yí fúnra rẹ̀ lórí tábìlì nígbà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. O ní ìwọ ò sá, pé ńṣe lo dọ̀bálẹ̀ fún un, o ní, “Ẹ káàsán, Bọ̀dá.” Láti ọjọ́ náà, o kì í fa wáyà rẹ̀ yọ mọ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè ráyè kí ọ bó bá tún wù wọ́n. Olúgbénró, gbogbo irun ara mi ló dìde.

Jọ̀wọ́, gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ báyìí. Lọ fa wáyà náà yọ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kó o tó wá ka ìyókù. Mo ń dúró dè ọ́.

Ó dáa. Ohun tí wọ́n sọ fún yín nílé ni pé Bọ̀dá Job jábọ́ látorí àkàbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀.

Iléeṣẹ́ wa ní Ìkẹjà kò rí bó o ṣe mọ̀ ọ́n mọ́. Nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá tó ń yọ ike, méjì péré ló ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí èròjà ò wọlé mọ́. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ wá láti Ìlúpéjú, wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Lọ́sàn-án gangan, inú gbọ̀ngàn yẹn á pa lọ́lọ́ débi pé wàá máa gbọ́ páànù òrùlé bó ṣe ń ta nínú oòrùn. Ẹ̀rù ibẹ̀ máa ń bà mí, mi ò purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo kọ́kọ́ wà lórí àkàbà, mò ń lu ihò sára irin tó gbé páìpù atẹ́gùn dúró lókè ẹ̀rọ kẹrin. Àyè ibẹ̀ há gan-an, dirílì gbọọrọ kò lè wọ̀ ọ́, àfi ọlọ́rùn wíwọ́ tí Bọ̀dá Job fi owó ara wọn rà. O ti mọ bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì rẹ̀. Bó o bá tẹ súìṣì, tó o wá fi àtàǹpàkò ti bọ́tìnnì yẹn wọlé, dirílì á máa yí lọ bó o tilẹ̀ gbé ìka kúrò. Ìka ń ro mí, mo tì í wọlé. Bí mo ṣe ń lu ihò kẹta ni Nẹ́pà mú iná lọ, dirílì sì dákẹ́. Mo fi okùn kọ́ ọ sára irin, mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó ti búrẹ́dì àti àkàrà mi.

Bọ̀dá Job ní kí n máa jẹun, pé àwọn á bá mi ki bóòtù bọ àwọn ihò tí mo ti lu. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í lè jókòó lásán. Wọ́n gun àkàbà. Wọn ò ká apá aṣọ iṣẹ́ wọn.

Iná dé. Gbogbo iléeṣẹ́ hó yèè, “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!” Èmi náà hó, àkàrà wà lẹ́nu mi. Inú ariwo ayọ̀ yẹn ni Bọ̀dá Job ti ké, a ò gbọ́. Dirílì tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti gbá apá aṣọ wọn mú, ó ń wé e mọ́ra. Ohun tí a gbọ́ ni bí wọ́n ṣe balẹ̀ lórí kọnkéré. Nígbà tí a gbójú sókè, ó ṣì ń yí níbẹ̀ lóun nìkan, ó ń jù fìrìfìrì lórí okùn, àkísà aṣọ búlúù wà lẹ́nu rẹ̀.

Muhydeen tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ló sáré fa wáyà yọ. Ọ̀gá bi mí bóyá mo pa dirílì náà kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní mo pa á, mo tiẹ̀ búra. Ìka mi ò ṣáà sí lórí súìṣì, mi ò rántí bọ́tìnnì rárá. Ni gbogbo ayé bá ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Àwa Mùsùlùmí ṣe sàráà, àwọn onígbàgbọ́ gbàdúrà yí ẹ̀rọ kẹrin ká, èmi náà sì jẹ nínú sàráà.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà kí wọ́n tó ní kí dirílì náà lọ sọ́dọ̀ Rachael. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án títí dìgbà yẹn. Muhydeen gbé e lé tábìlì ní sítọ́ọ̀, ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tó yíjú padà, nǹkan náà ti fò sókè. Ó ń yípo lórí tábìlì, àkísà búlúù yẹn ń nà síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ọwọ́ tó máa dì mú. Muhydeen ké pe Bọ̀dá Job lórúkọ, ó sá jáde, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo lẹ̀ mọ́ ògiri, mò ń ka àdúrà tí mo mọ̀ àti èyí tí mi ò mọ̀, títí Nẹ́pà fi tún mú iná lọ.

Mo fa wáyà yọ. Mo yí dirílì náà sí ẹ̀gbẹ́. Bọ́tìnnì yẹn ṣì wà nínú, bí mo ṣe tì í wọlé lórí àkàbà lọ́jọ́ náà. Mo tẹ súìṣì, ó fò jáde, ó dún “tọ́”. Mo sì panu mọ́, Olúgbénró! Wọ́n ń sọ kiri pé Bọ̀dá Job ò tíì kúrò níléeṣẹ́, èmi ń mi orí bíi pé mo gbà. Títí di òní, bí iná bá ti dé, “tọ́” yẹn ni mo máa ń gbọ́ kí n tó rí gílóòbù tó tàn. Ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mí.

Mi ò sọ pé òkú ò lè kí èèyàn o. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èyí tó yí lórí tábìlì rẹ, ìwọ lo ti bọ́tìnnì rẹ̀ wọlé nígbà tí ò ń lu ihò sára igi àjà ilé ìwé tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ, tí iná wá lọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bó o bá fẹ́ máa lò ó, má ti bọ́tìnnì yẹn mọ́, jẹ́ kí ìka máa ro ọ́. Bí iná bá lọ, wáyà ni kó o kọ́kọ́ fà yọ, ebi ì báà máa pa ọ́. Kó o tó tún ki í bọ iná, tẹ súìṣì wò, kí o rí i pé bọ́tìnnì wà níta. Wáyà gbọ́dọ̀ wà níta náà kó o tó pààrọ̀ bíìtì tó ń lu ihò. Fún ẹnu dirílì tó di bíìtì mú le ní ihò kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o sì yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́, oníwàdùwàdù ni ọ́. Ká apá aṣọ dé ìgbọ̀nwọ́, má wọ ìbọ̀wọ́, fi gíláàsì bojú. Ọwọ́ méjèèjì ni kó o fi dì í, torí bí bíìtì bá há, ọrùn ọwọ́ rẹ ló máa lọ́. Wo wáyà náà dáadáa pẹ̀lú, eku pọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Mo mú lẹ́tà rẹ, mo lọ bá Rachael ní Onígbòǹgbò, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò kígbe lé mi lórí, tàbí kó lé mi jáde. Ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ, ó sì ká a tán. Ó gba lẹ́tà rẹ, ó kà á dópin. Ó kàn ní kí n má fi èsì sí ilé ìfìwéránṣẹ́, pé kí n wá awakọ̀ tó ń lọ Àkúrẹ́ tó lè mú un dé Ìkẹ́rẹ́ lónìí olónìí. Ó wá ní, “Mùíbì, ṣe kíá. Ọkọ mi kékeré nìkan ló kù fún Màmá.”

Modinat ìyàwó mi ń kí ọ, ó kí Fọláyọ̀, ó ní kẹ́ ẹ fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún òun. Má tíì sọ fún Màmá. Èmi fúnra mi ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní Sátidé.

                                        Èmi ni, bó o bá ṣì fẹ́ kí n jẹ́ tìrẹ,
                                        Mùíbì Àyìnlá.